Sìlíńdà Gáàsì: Ṣé Tuntun Ni Ká Rà, Tàbí Tòkunbọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ọ̀rọ̀ ìdáná ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń din àkàrà ní Bẹẹrẹ, àwọn mìíràn ń se ìrẹsì tà ní Ọjà'ba, àwọn mìíràn ń ro àmàlà ní ìsàlẹ̀ Mápó. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ń fi igi àti èédú sílẹ̀, tí ẹ ń lo gáàsì. Ìbéèrè tí ẹ sì ń bi wá lẹ́yìn kíláàsì ni pé: ṣé sìlíńdà tuntun ni ká rà, tàbí tòkunbọ̀?

A mọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Owó ni. Tòkunbọ̀ máa ń dínwó ju tuntun lọ, ẹni tí owó òwò rẹ̀ kéré kò sì lè kó gbogbo rẹ̀ lé orí irin kan ṣoṣo. A kò ní bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé ó ń ṣọ́ owó ná. Àwa náà ń wọ ẹ̀wù òkìríkà, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló sì ń gbé gbogbo wa lọ sí Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wù bá ya, abẹ́rẹ́ àti òwú tó o. Bí sìlíńdà bá ya, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fún gáàsì pọ̀ títí ó fi di omi. Òun ni ẹ ń gbọ́ tó ń mì nínú nígbà tí ẹ bá gbé sìlíńdà. Ní gbogbo ìgbà ló ń wá ọ̀nà láti jáde, irin yẹn nìkan ló dá a dúró. Bí ó bá ráyè jáde, kì í fò lọ sókè bí èéfín. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń bá lọ, a máa wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá sí yàrá kejì. Òórùn burúkú tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ńṣe ni wọ́n fi kún un kí imú lè bá wa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Bẹ́yẹrúnkà mọ bí ilé ṣe fara kan ilé níbẹ̀, tí páànù ń gun páànù. Ọ̀nà tí èèyàn ń fẹ̀gbẹ́ gbà, ọkọ̀ panápaná kò lè gba ibẹ̀. Iná tó bá sọ ní ilé ìdáná ẹnìkan, iná gbogbo agbo ilé ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí sìlíńdà jẹ́, ẹ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ bi sìlíńdà fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n wí, ẹ̀yin náà sì ti mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ wo ọrùn rẹ̀, lára irin tó yí fáàfù ká. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo òrùka irin tó fi ń dúró nílẹ̀. Wọ́n lu lẹ́tà àti nọ́ńbà sí i. Ẹ ó rí oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 04/08, oṣù kẹrin ọdún 2008 ni. Bí ẹ bá rí 97 ní ipò ọdún, ọdún 1997 nìyẹn, ó ti dàgbà ju ọmọ Yunifásítì lọ. SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, tí òfin ọdún 1971 dá sílẹ̀, ti kìlọ̀ pé ọdún 15 ni kí a lo sìlíńdà gáàsì mọ, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2008, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 2013 àti 2018. Ní 2023, ọdún 15 rẹ̀ pé. Sìlíńdà tó bá ti gbó ní òkè òkun kì í padà di ọmọdé nítorí pé ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Apápá.

Yíyẹ̀wò tí à ń wí yìí ju fífi ojú wò lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ tú gáàsì inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á rọ omi kún un, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ ti omi náà mọ́ ọn nínú, ju bí gáàsì ṣe ń tì í lọ. Irin tí kò lágbára mọ́ yóò wú tàbí kó jò. Ìdí tó fi jẹ́ omi ni pé bí irin náà bá ya, omi á kàn dà sílẹ̀ ni, kò ní fọ́n irin káàkiri bí afẹ́fẹ́. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń pọn sìlíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn lọ sí abẹ́ òkun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún márùn-ún ni ti wọn náà, wọ́n á sì lu ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sára rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí pàápàá ń ra àlòkù, nítorí ohun èlò wọn gbówó lórí gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n lù sí i ni ọlọ́gbọ́n inú wọn ń kọ́kọ́ wá.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà o. Ìyá kan nínú kíláàsì wa lọ ra tòkunbọ̀. Ó rí ọ̀kan tó pupa yòò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀, kò rí ohunkóhun kà.

“Ọmọ mi, ọdún rẹ̀ dà?”

“Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú. Tòkunbọ̀ gidi ni. Ẹ wo bó ṣe ń dán.”

“Mo rí i pé ó ń dán. Ọdún rẹ̀ ni mò ń béèrè.”

“Ọ̀dà ló bò ó, ìyá.”

“Tóò. Bá mi ha ọ̀dà yẹn kúrò.”

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyá wo òmíràn. Ìyá kò wo òmíràn níbẹ̀. Ilé ló gbà lọ.

Kì í ṣe ọdún nìkan ni ọ̀dà ń bò. Ẹ yí sìlíńdà tó ṣófo kí ẹ wo ìdí rẹ̀, nítorí ìdí ni omi ilẹ̀ ti ń jẹ irin. Bí ó bá ti dógùn-ún tó ń ṣí bí èèpo igi, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá tẹ̀ wọnú, ẹ fi í sílẹ̀. Sìlíńdà máa ń ní ojú jíjó kan láti ilé iṣẹ́, tó yí i ká régérégé. A kò wí ti ìyẹn. Àlẹ̀mọ́ wúruwùru tí wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà fi sí i là ń wí. Irú èyí, bí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má gbà á. Ẹ wo ẹnu fáàfù náà pẹ̀lú. Ti ìlú kan kì í bá ti ìlú mìíràn mu nígbà mìíràn, àwọn kan á sì fi tipátipá dè é. Ibẹ̀ ni yóò ti máa jò.

Nọ́ńbà kan tún wà tó ń ṣọ́ owó yín. Ẹ wá lẹ́tà T àti W, tàbí ọ̀rọ̀ TARE. Gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn wà nínú a-b-d tí a kọ́. Ìwọ̀n irin nìkan ni, láìsí gáàsì nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 14.5, tí ẹ sì ra gáàsì kílò 12.5, ẹ ro ó pọ̀: 27. Iye tí òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ sọ nìyẹn. Bí ó bá sọ 25, kílò méjì ti sọnù, ẹ má kúrò níbẹ̀. Sìlíńdà tí nọ́ńbà yìí ti pa rẹ́ lára rẹ̀ yóò máa jẹ yín lówó lọ́jọ́ gbogbo tí ẹ bá lọ rọ gáàsì.

Bí ẹ bá bi àwa, ibi tí a dúró sí rèé. Kàkà kí a ra tòkunbọ̀ ńlá oní kílò 12.5 tí kò ní ọdún lára, tuntun kékeré oní kílò 5 tàbí 6 ni a ó rà, kí a máa rọ ọ́ léraléra títí owó yóò fi tó ra ńlá. Bí tòkunbọ̀ bá ní ọdún lára, tí ọdún náà ṣì kù dáadáa, tí ìdí rẹ̀ mọ́, a kò ní pè é ní ohun burúkú. Ẹ ka ti tuntun náà o, nítorí òmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀dà nìkan ló tuntun. Sítóòfù tòkunbọ̀ kò ní ìjà, bí ojú iná rẹ̀ bá mọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí gáàsì ń gbà kọjá, àti rẹ́gúlétọ̀ tí à ń fi sí ẹnu sìlíńdà, tuntun ni kí ẹ rà nígbà gbogbo. Ooru àti òróró ń ba rọ́bà jẹ́, eku a sì máa gé e jẹ, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó sìlíńdà.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ gbé e nàró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi títí yóò fi hó. Ẹ ṣí fáàfù, ẹ má ṣá iná, kí ẹ fi kànìnkànìn ta ìhó náà sí ẹnu fáàfù, sí rẹ́gúlétọ̀, àti sí gbogbo ara rọ́bà. Bí ìhó bá ń wú níbì kan, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ ti fáàfù, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì gbé e padà fún ẹni tó tà á.

Fún ìpàdé wa tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù dé ibi sìlíńdà ilé yín. Ẹ kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà T.W. rẹ̀, kí ẹ mú un wá. Ẹni tí kò bá rí ọdún lára tirẹ̀, kó kọ ìyẹn náà.