Ọ̀nà Tí A Fi Ń Wá Owó Ìrànwọ́ fún Iṣẹ́ Tí Ìjọ Ń Ṣe Láàrín Ìlú

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ilé-ẹ̀kọ́ Ìrọ̀lẹ́ sọ ní gbọ̀ngàn ìjọ, nínú ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ti í rí owó ìrànwọ́ gbà lọ́wọ́ àwọn àjọ ìtọrẹ àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Nítorí ẹni tí a pè yìí, bí púpọ̀ nínú yín ti mọ̀, ni ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ mọ́kànlá ní ọdún kan tí kò sì rí èsì kan ṣoṣo gbà. Bóyá nítorí rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi pè mí. Ẹni tí ó ti ṣubú ní ojú ọ̀nà a máa mọ ibi tí òkúta wà.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀ràn ti rí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ìjọ yìí dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tí ń kiri ọjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìwé kíkà, ìṣirò àti aṣọ rírán, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé. Àwọn olùkọ́ kò gba owó oṣù láti Ọjọ́ Àjíǹde títí di òní olónìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin péré ni ó kù tí ń ṣiṣẹ́. Owó tí a ń dá láàrín ara wa kò tó mọ́. Bí a kò bá rí olùrànlọ́wọ́ kí ọdún tó yí, a ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, àwọn ọmọ náà yóò sì padà sí ìdí igbá.

Àjọ ìtọrẹ tí mo ń wí ni èyí tí ọlọ́rọ̀ kan, tàbí ìdílé kan, tàbí ilé-iṣẹ́ kan dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí ó sì fi owó sí i pé kí a máa fi ṣe oore. Wọn kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Àjọ Rockefeller, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1913, rán àwọn oníṣègùn wá sí Yábàá ní Èkó ní 1925 láti wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Àjọ Ford ṣí ọ́fíìsì ní Èkó ní 1960. Nínú àwọn ti ilé-iṣẹ́, àjọ tí MTN dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2004 ń fi owó tí ó tó ìdá 1 nínú 100 èrè ilé-iṣẹ́ náà, lẹ́yìn owó orí, ṣe iṣẹ́ láàrín ìlú. Owó náà wà. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ ẹni tí wọ́n ń fi í fún, àti ìdí tí wọ́n fi ń fi í fún un.

Ọ̀rọ̀ Andrew Carnegie yóò tètè yé ìjọ bí tiwa. Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni, àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré, ó sì di ọlọ́rọ̀ nípa òwò irin. Ó ṣe ìrànwọ́ dùùrù fún ilé ìsìn tí ó ju 7,000 lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń béèrè pé kí ìjọ kọ́kọ́ kó ìdajì owó náà jọ kí òun tó san ìdajì kejì. Ilé ìkàwé 2,509 ni a fi owó rẹ̀ kọ́ káàkiri ayé. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ìlú tí ó bá fẹ́ ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì ṣèlérí pé lọ́dọọdún ni yóò máa na ìdá kan nínú mẹ́wàá iye owó ilé náà láti fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdámẹ́wàá, èyí kò ní ṣe àjèjì sí yín.

Mo rántí kànga ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, gbẹ́ fún àdúgbò tí mo ti dàgbà. Ọjọ́ tí a ṣí i, ìlù dún, a ya fọ́tò, a sì ri pátákó ńlá mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ẹni tí yóò máa ra epo sí ẹ̀rọ náà. Kò pé ọdún kan tí ó fi dákẹ́. Pátákó náà wà níbẹ̀ di òní. Àwọn ewúrẹ́ ni ń sá oòrùn lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni n kò ti bú Carnegie mọ́ pé ó le jù.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kí a jókòó tì ni ti Julius Rosenwald. Ọmọ àwọn Júù tí ó ti Jámánì ṣí wá ni. A bí i ní Springfield ní ìpínlẹ̀ Illinois ní 1862, ó sì di olórí ilé-iṣẹ́ Sears, Roebuck ní Chicago, àwọn tí ń fi ọjà ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ ní ìgbèríko. Ní 1911 ó pàdé Booker T. Washington, ẹni tí a bí ní ẹrú tí ó sì di olórí ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Alabama. Ní àkókò náà, ibi tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ti ń kàwé ní gúúsù Amẹ́ríkà burú jọjọ. Àwọn kan wà nínú ahéré, àwọn mìíràn nínú ilé ìsìn, nítorí pé owó tí ìjọba ń ná lórí wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó ń ná lórí ọmọ aláwọ̀ funfun.

Ní 1912 Rosenwald fún Tuskegee ní 25,000 dọ́là fún iṣẹ́ kan. Nígbà tí a ṣe iṣẹ́ náà tí owó ṣì kù, Washington kò na ìyókù náà bí ó ti wù ú. Ó kọ̀wé sí ẹni tí ó ni í, ó béèrè bóyá òun lè fi í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké mẹ́fà fún àwọn ọmọ ìgbèríko ní Alabama. Rosenwald gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ìwé kan yìí, nítorí n óò padà sórí rẹ̀. Washington kú ní 1915, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Ní 1917 Rosenwald dá àjọ sílẹ̀ fún un, nígbà tí ó sì fi di 1932, ọdún tí òun náà kú, ilé-ẹ̀kọ́ 4,977 ni a ti kọ́ ní ìpínlẹ̀ 15. Maya Angelou òǹkọ̀wé kàwé nínú ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni John Lewis, ẹni tí ó wá di aṣòfin ní Washington.

Níbo ni owó náà ti wá? Èyí tí Rosenwald àti àjọ rẹ̀ mú wá kò pé 4,500,000 dọ́là. Èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn dá, tálákà tí ń ro oko olóko, ju 4,600,000 lọ. Ìjọba ni ó san èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù, nítorí pé Rosenwald kò jẹ́ fi owó tirẹ̀ sílẹ̀ àfi bí ìjọba àti àwọn ará ìlú bá fi tiwọn sílẹ̀. Ní ibòmíràn wọ́n ya ègé oko òwú kan sọ́tọ̀, tí ó jẹ́ pé ti ilé-ẹ̀kọ́ ni gbogbo owó tí ó bá ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tí kò ní owó mú igi wá. Ẹni tí kò ní igi mú apá rẹ̀ wá. N kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín: ìrẹ́jẹ wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti san owó orí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tún ń dáwó fún ohun tí ìjọba ń fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, bí wọn kò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá wọn parí rẹ̀. Rosenwald kò fẹ́ kí àjọ rẹ̀ wà títí láé. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n ná owó náà tán, wọ́n sì pa á dé ní 1948.

Nísinsìnyí, kí a padà sí ìwé mọ́kànlá tèmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ni ó fi ohun tí mo ṣe hàn mí. Ní Amẹ́ríkà, òfin mú un ní dandan pé kí àjọ ìtọrẹ aládàáni máa fi ìwé kan tí a ń pè ní 990-PF ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún. Ìwé náà kò pamọ́. Ẹnikẹ́ni lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ àwọn tí wọ́n fún lówó wà nínú rẹ̀, àti iye tí wọ́n fún wọn, àti ohun tí wọ́n fún wọn fún. Òfin ibẹ̀ sì ń béèrè pé kí irú àjọ bẹ́ẹ̀ máa na ìwọ̀n ìdá 5 nínú 100 ohun ìní rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fún gẹ́gẹ́ bí a ti ń wá wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé orúkọ tí Charity Commission ń tọ́jú ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn bákan náà. Ilé kan tún wà ní New York tí a dá sílẹ̀ ní 1956 láti máa kó ìròyìn àwọn àjọ wọ̀nyí jọ; láti 2019 ni ó ti ń jẹ́ Candid.

Ọmọ náà fi alẹ́ mẹ́ta yẹ àwọn mọ́kànlá mi wò. Méje nínú wọn kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn odi ìpínlẹ̀ tiwọn rí. Méjì, ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ọ̀kan ti dẹ́kun fífúnni. Mo ti ń bínú sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí láti ọdún kan, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo lọ ra iyọ̀ ní ìsọ̀ aláṣọ.

Ti ilé-iṣẹ́ rọrùn díẹ̀ láti mọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tajà ni wọ́n ti ń fúnni, wọ́n sì fẹ́ràn ohun tí a lè fi ojú rí. Ẹ lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka tí ó súnmọ́ yín jù kí ẹ tó kọ̀wé sí olú ilé-iṣẹ́. Ẹ lọ kí wọ́n tó ṣe ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀, ẹ má sì kẹ́gàn ẹni tí ó bá ní òun kò ní owó ṣùgbọ́n òun ní ẹ̀rọ tàbí ọ̀dà.

Ìwé tí mo kọ nígbà náà ńkọ́? Ojú ewé mẹ́rin ni mo fi ròyìn ìtàn ìjọ wa, pẹ̀lú orúkọ gbogbo àlùfáà tí ó ti jẹ níbí. Àwọn ọmọbìnrin náà gba ìlà mẹ́ta. Ní ìparí, mo bẹ̀bẹ̀ fún ìrànwọ́ èyíkéyìí. Ọ̀pọ̀ àjọ wọ̀nyí ni ó sọ gbangba pé àwọn kì í fi owó ṣe ìsìn, àmọ́ wọn kò kọ iṣẹ́ tí ìjọ ń ṣe fún onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí bákan náà, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Nígbà tí mo tún un kọ, ojú ewé méjì ni: iye ọmọ tí ó wà, iye tí ó ti mọ ìwé kà, ohun tí ọmọ kan ń ná wa, ohun tí ìjọ ń san, ohun tí ó kù, àti ọ̀nà tí iṣẹ́ náà yóò gbà dúró nígbà tí owó wọn bá tán. A rí èsì gbà, a sì rí owó.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń ro mí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọ̀ràn sínú jẹ iyán tí kò ní iyọ̀, nítorí náà n óò sọ ọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni a gba owó náà fún. Ìkórè dé, owó àtíbàbà kò pé, àwa tí ó wà ní ìdí owó sì yá díẹ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìpinnu pé a ó dá a padà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Kò sí olè nínú wa. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ di oṣù, ọjọ́ tí a ní láti ròyìn bí a ti ná owó náà pé, a kò sì ní ìwé-ẹ̀rí tí a ó fi hàn. Bí a bá ti kọ̀wé béèrè, bí Washington ti béèrè ní 1912, wọn ìbá lè dá wa lóhùn. A dákẹ́. Àwa mẹ́ta san owó náà padà láti inú àpò ara wa, a sì ra àwọn ẹ̀rọ náà. Àjọ náà kò bú wa. Wọ́n dúpẹ́, wọn kò sì tún dá ìwé wa kan lóhùn mọ́. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fẹ́ kógbá sílé, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ wa wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò gba àkókò. Àjọ tí ó ń fúnni kì í fi owó sí orúkọ ènìyàn kan. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ aláàánú gbọ́dọ̀ ní àwọn alágbàtọ́ tí a forúkọ wọn sílẹ̀ ní CAC, gẹ́gẹ́ bí òfin 2020 ti wí, kí ó sì máa fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn ilé ìfowópamọ́ sì ń béèrè ìwé-ẹ̀rí SCUML pẹ̀lú. Ìjọ kan ṣoṣo bí tiwa kò dá dúró fún ara rẹ̀ nínú èyí, nítorí náà Bíṣọ́ọ̀bù ni yóò fọwọ́ sí ìwé wa. Ẹ̀yin Àlùfáà tí ẹ wá kí wa, bí ẹ bá ní irú iṣẹ́ yìí ní ìjọ yín, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì Dáyósíìsì kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ìwé tuntun ti wà nílẹ̀. Owó olùkọ́ fún ọdún méjì àti ẹ̀rọ mẹ́jọ ni a ń béèrè, àjọ tí a ń kọ ọ́ sí sì ní kí a mú ìdá kan nínú mẹ́ta wá fúnra wa. Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ti ṣèlérí ìdajì ìyẹn. Ìdajì kejì kò tíì ní ẹni tí yóò mú un wá. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, ìwé ìṣirò owó ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò wà lórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn yìí, tòun ti ojú ewé tí a kọ owó àtíbàbà sí. Akápò àti èmi yóò jókòó tì í títí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á yóò fi kà á tán.