Mo Di Àtúnbí, Gbèsè Mi Ò Kú

Ìbéèrè tòní ti pẹ́ láyé: ṣé ìgbàgbọ́ ló ń gba èèyàn là ni, àbí iṣẹ́ rere? Kí ẹ tó sọ pé ẹjọ́ àwọn pásítọ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kàn mí.

Ọmọ Owódé ni mí, Owódé Yewa, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ẹni tó bá mọ ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé bọ́dà ló ń bọ́ wa. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní bọ́dà láàárọ̀, ó máa hàn nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa tó bá di alẹ́.

Ní 2019, mo ṣì wà ní yunifásítì, mo fẹ́ ra kámẹ́rà àlòkù tí mo máa fi máa ya àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Màmá kan wà ládùúgbò wa, Ìyá Oníràìsì là ń pè wọ́n. Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n yá mi ní ₦40,000 láìgba ìwé, láìpe ẹlẹ́rìí. Mo ní oṣù mẹ́ta ni mo máa lò ó. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìjọba ti bọ́dà pa, ti Ìdí-Ìrókò ò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin 2022. Ọjà Ìyá dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n pè mí, mo gbé e. Wọ́n tún pè, mo tún gbé e. Nígbà tó yá, mi ò gbé e mọ́.

Ọdún yẹn kan náà ni mo di àtúnbí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ni. Mo sunkún, ọkàn mi fúyẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdámẹ́wàá owó tí mò ń rí nídìí kámẹ́rà. Kámẹ́rà owó Ìyá! Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ fẹ́lóṣíìpù pé oore-ọ̀fẹ́ ti pa gbogbo ohun àtijọ́ rẹ́. Lọ́kàn mi, gbèsè yẹn wà lára ohun àtijọ́.

Ní 2021, èmi àti Ìyá ṣe kòńgẹ́ ní gáréèjì Owódé. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé o ti di onígbàgbọ́ gidi. Mo bá ẹ yọ̀. Ṣé Ẹni tó o gbà gbọ́ yẹn ò tíì bá ẹ sọ̀rọ̀ owó mi ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bíbélì bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

Pọ́ọ̀lù, nínú Róòmù orí 3, sọ pé ìgbàgbọ́ ni Ọlọ́run fi ń dá èèyàn láre, kì í ṣe òfin tó pa mọ́. Jákọ́bù, nínú orí 2 ìwé tirẹ̀, sọ pé ìgbàgbọ́ tí kò níṣẹ́ òkú ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ti dá ìjà sílẹ̀. Ní 1517, nílùú Wittenberg ní Jámánì, Martin Luther bínú sí ìwé ìdáríjì tí wọ́n ń fowó rà lọ́wọ́ ìjọ. Ó ní oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọjà. Ìjọ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ọdún 482 kọjá kí ìjọ Kátólíìkì àti àjọ àwọn ìjọ Luther tó jókòó nílùú Augsburg, lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá 1999, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé oore-ọ̀fẹ́ nípa ìgbàgbọ́ ni Ọlọ́run fi ń gbà wá, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ wa, àti pé ẹni tó bá ti rí i gbà, iṣẹ́ rere ló máa ń so bí èso. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2006.

Nígbà tí mo ronú sí i, mo rí i pé èmi àti ẹni tó ń ra ìwé ìdáríjì láyé Luther, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Òun ń fi owó wá ìdáríjì, èmi ń fi ìdáríjì sá fún owó. Àwa méjèèjì ò fẹ́ wo ojú ẹni tá a ṣẹ̀.

Ẹ rántí Sákéù nínú Lúùkù orí 19. Agbowó-òde ni, àwa ọmọ bọ́dà sì mọ irú wọn dáadáa. Jésù ní òun máa wọ̀ sílé rẹ̀ kó tó dá kọ́bọ̀ kan padà. Oore-ọ̀fẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé, ọwọ́ Sákéù là: ìdajì ohun ìní rẹ̀ fáwọn aláìní, ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tó bá ti rẹ́ jẹ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní, "Olè orí àgbélébùú ńkọ́?" Òótọ́ ni, òun ò ráyè san nǹkan kan padà. Ṣùgbọ́n wọn ò kan ọwọ́ tèmi mọ́ igi. Mo lẹ́sẹ̀, mo sì ní áàpù báńkì lórí fóònù.

Mo san án lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ₦10,000 lé e. Mo wá lọ kí Ìyá, mo ti ń rò ó pé mo ti mọ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá ní, "Owó dé. Ọdún tọ́mọ mi fi jókòó sílé ńkọ́?" Owó mi ni wọ́n ń retí láti fi forúkọ ọmọ wọn sílẹ̀ fún WAEC 2020. Ọmọ yẹn ò jókòó ṣe é pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, báwo lèèyàn ṣe ń san ọdún kan padà? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rere mi parí sí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Dìde. Mo ti fi jì ẹ́." Wọ́n fún mi ní omi tútù mu.

Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà, ₦50,000 mi ò rà á. Ká ní mo wá tọrọ rẹ̀ nígbà tí owó wọn ṣì wà lápò mi, ìwọ̀sí ni màá fi lọ̀ wọ́n. Bí Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù ṣe bára wọn rẹ́ lójú mi nìyẹn. Mi ò lè fi iṣẹ́ ra oore-ọ̀fẹ́, mi ò sì lè sọ pé mo ti rí i gbà kí n máa sá fún oníràìsì.

Kí ẹ tó pa ètò yìí, ẹ wo fóònù yín. Nọ́ńbà ta lẹ bílọ́ọ̀kì nítorí gbèsè? Ẹ ṣí i lónìí. Tẹ́ ẹ bá pè é tán, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ẹ sọ bó ṣe lọ. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.