Ẹ Béèrè Ọjọ́ Tí A Ó Pa Ikùn Náà Dé: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Nọ́ọ̀sì Tuntun

  

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń gba ìwé ẹ̀rí lónìí, kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ aláìsàn kan tí ẹ ó bá pàdé ní wáàdì. Táífọ́ọ̀dù lè ti lu ìfun rẹ̀, tàbí kí ó fara gbọgbẹ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ìfun náà wú. Bí dókítà bá fipá rán ikùn pa, ìfúnpá inú rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́, mímí a sì nira. Ìdí nìyẹn tó fi fi í sílẹ̀ láìrán, kó lè padà wá fọ inú rẹ̀.

Lọ́dún 1984, ní Bogotá, dókítà Oswaldo Borráez fi ọ̀rá dírípù bo irú ikùn bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1995, àwọn dókítà Brock, Barker àti Burns gbé ọ̀nà mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà: ọ̀rá oníhò bo ìfun, tówẹ̀lì tútù wà lórí rẹ̀, rọ́bà méjì tẹ̀lé e, ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ ara sì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ wá ń fa omi jáde. Lónìí, fóòmù ló sábà ń rọ́pò tówẹ̀lì, a sì sábà ń gbé ẹ̀rọ sí 125 mmHg.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó máa ṣọ́ ọ. Fóòmù kò gbọdọ̀ kan ìfun, kó má baà dá a lu. Ẹ wọn omi tó ń jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí agbára aláìsàn ń bá omi náà lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ń dà nínú rọ́bà, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ké sí dókítà. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ sì dákẹ́ ju wákàtí méjì lọ, ẹ má wò ó níran. Ó yẹ kí a tú ohun tí a fi bo ikùn náà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá yín pé: “Ọjọ́ wo ni a ó pa ikùn yìí dé?” Bó bá pẹ́ jù, ẹran ikùn á sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ìfun sì lè jò síta. Ẹ má rò pé ìbéèrè yìí jẹ́ àìmọ̀wọ̀fágbà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún yín lójú tí kì í sùn nídìí iṣẹ́. Ẹni tí ẹ bá tọ́jú, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn lọ sílé. Ó dàbọ̀ o.