Ta Ni A Ń Ṣe Ọdún Fún? Onígbàgbọ́ àti Àjọ̀dún tí Ó Ní Orírun Ìbọ̀rìṣà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìjọ àti nínú ẹbí bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé. Àwọn kan á ní Kérésìmesì kì í ṣe ti Kristi rárá, pé ọdún òòrùn tí àwọn ará Róòmù ń ṣe ni ìjọ yí orúkọ rẹ̀ padà. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kò ṣe é mọ́ láti ẹ̀yìn ọdún 1926, àwọn ìjọ kan lọ́dọ̀ wa sì máa ń kó ọmọ ìjọ lọ sí ìpàgọ́ àdúrà dípò rẹ̀. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ gbà pé ohunkóhun tí ìjọ bá ti yà sí mímọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò mọ́. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ló gbé ìdájọ́ lé ibi tí kò yẹ. Ibi tí ọjọ́ kan ti ṣẹ̀ wá kò tó láti dá a lẹ́bi, kò sì tó láti dá a láre. Ẹni tí à ń fi ọjọ́ náà sìn lónìí, ìwà tí ó ń mú wa hù, àti ọkàn arákùnrin wa tí ó lè kọsẹ̀ nítorí rẹ̀, ohun mẹ́ta yìí ni ó yẹ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ìtàn wò, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fọwọ́ sọ̀yà lé lórí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí wọ́n ti rò. Ní ọdún 274, Aurelian tí ó jẹ́ ọba Róòmù ya tẹ́ḿpìlì kan sí mímọ́ fún Sol Invictus, òrìṣà òòrùn tí wọ́n gbà pé kò sí ẹni tí ó lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí ó so ọdún òòrùn náà mọ́ ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ni kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n kọ ní Róòmù ní ọdún 354. Inú ìdìpọ̀ ìwé kan náà ni a ti kà á pé ọjọ́ yẹn ni a bí Kristi ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ti Jùdíà. Ìwé kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́rìí fún ìhà méjèèjì, ta wá ni ó lè búra pé ìhà kan ló gbà á lọ́wọ́ ìkejì? Àlàyé mìíràn tún wà nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta, Tertullian ará Carthage ti kọ ọ́ pé ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni Kristi kú. Nígbà tí ó yá, Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ṣàlàyé pé ọjọ́ tí Olúwa kú náà ni ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀. Bí a bá ka oṣù mẹ́sàn-án láti ọjọ́ yẹn, 25 oṣù Kejìlá ni yóò bọ́ sí. Àwọn onígbàgbọ́ apá Ìlà-Oòrùn kan tí wọ́n fi ikú náà sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ka tiwọn dé ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ìjọ Àméníà ṣì ń ṣe ọdún ìbí Kristi títí di òní. Àlàyé yìí kò parí àríyànjiyàn àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ó bá pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ tí a jí gbé ń sọ ju ohun tí ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ lè gbé lọ.

Bí a bá tilẹ̀ wá gbà pé lọ́wọ́ abọ̀rìṣà ni ìjọ ti gba ọjọ́ náà, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Ìtàn àwọn Júù sọ pé kò parí. Ìwé Kìíní ti àwọn Mákábì ròyìn pé ní ọdún 167 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ènìyàn ọba Antiochus rú ẹbọ òrìṣà lórí pẹpẹ tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ 25 oṣù Kísíléfì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Judas Maccabeus àti àwọn arákùnrin rẹ̀ gba tẹ́ḿpìlì náà padà. Ọjọ́ 25 oṣù yẹn gan-an, ọjọ́ tí abọ̀rìṣà fi ẹbọ sọ pẹpẹ di aláìmọ́, ni wọ́n fi ya pẹpẹ tuntun sí mímọ́, tí wọ́n sì pàṣẹ pé kí a máa ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lọ́dọọdún. Òfin Mósè kò mọ̀ nípa àjọ̀dún yìí. Síbẹ̀, orí kẹwàá Ìhìnrere Jòhánù sọ fún wa pé Jésù wà ní tẹ́ḿpìlì nígbà àjọ̀dún Ìyàsímímọ́ náà, tí ó ń rìn ní ìloro Sólómọ́nì, a kò sì gbọ́ pé ó bá ẹnikẹ́ni wí nítorí rẹ̀. Ẹ wá gbé ìtàn Hesekáyà ọba Júdà sí ẹ̀gbẹ́ èyí. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ fún Mósè láti rọ ejò idẹ ní aginjù, kò sì sí orírun tí ó lè mọ́ ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí sí i, Hesekáyà fọ́ ọ túútúú, Ìwé Mímọ́ sì yìn ín. Ọjọ́ tí ẹbọ ti bà jẹ́ di ọjọ́ ìyìn, ohun tí Ọlọ́run pàṣẹ rẹ̀ sì di ohun tí a gbọ́dọ̀ fọ́. Ìlò ni ó dá wọn lẹ́jọ́.

Ìlànà yìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù fi tọ́ ìjọ Kọ́ríńtì sọ́nà. Ẹran tí wọ́n ti fi bọ òrìṣà máa ń dé ọjà ìlú náà. Pọ́ọ̀lù ní kí onígbàgbọ́ ra ẹran lọ́jà, kí ó jẹ ẹ́, kí ó má bèèrè ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ó kọ̀ fún un láti jókòó nídìí tábìlì òrìṣà, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ní kí ó pa ọwọ́ mọ́ bí ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò lágbára bá wà níbẹ̀. Nígbà tí ó ń kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù nípa ọjọ́, ó ní kí ẹni tí ó ń pa ọjọ́ mọ́ má ṣe dá ẹni tí kò pa á mọ́ lẹ́jọ́, nítorí Olúwa kan náà ni àwọn méjèèjì ń sìn.

Mo mọ àwọn àtakò tí yóò dìde. Àkọ́kọ́ ni pé orí kejìlá Diutarónómì kọ̀ fún Ísírẹ́lì láti wádìí bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń sin òrìṣà wọn kí wọ́n lè ṣe bákan náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ náà dé òpin: ìwà ìríra ni ó dárúkọ, pàápàá bí wọ́n ṣe ń sun ọmọ wọn nínú iná fún òrìṣà. Kò sọ pé ohun tí kèfèrí bá ti fọwọ́ kàn ti di èèwọ̀ títí láé, nítorí oníṣẹ́ ọnà láti Tírè wà lára àwọn tí ó bá Sólómọ́nì ṣe tẹ́ḿpìlì. Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ: pé bí a bá gba àṣà wọlé, òrìṣà rẹ̀ lè bá a wọlé. Ìtàn jẹ́rìí sí ewu yìí. Ní ọ̀rúndún karùn-ún, Póòpù Leo bá àwọn onígbàgbọ́ wí tí wọ́n máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, tí wọ́n á yíjú padà, tí wọ́n á sì tẹrí ba fún òòrùn kí wọ́n tó wọlé. Tertullian náà kò gba gbẹ̀rẹ́ fún onígbàgbọ́ tí ó bá gbé fìtílà àti ewé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún òrìṣà. Mo fara mọ́ àwọn méjèèjì, nítorí ìsìn wọ̀nyẹn ṣì wà láàyè nígbà náà: ẹni tí ó tẹrí ba fún òòrùn mọ ẹni tí òun ń tẹrí ba fún. Nígbà tí Póòpù Gregory kọ̀wé sí Mellitus, míṣọ́nnárì rẹ̀, ní ọdún 601 nípa àwọn ará England, ó ní kí wọ́n fọ́ ère, kí wọ́n fi ilé òrìṣà sílẹ̀ kí ó di ilé Ọlọ́run, kí àwọn ènìyàn sì máa pa màlúù wọn jẹ fún ìyìn Ọlọ́run. Ẹ kíyè sí i pé ère ni ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú kúrò. Ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí ti Gregory, èyí tí ó fẹ́ fi òfin pa ọjọ́ rẹ́, ni àwọn Púrítánì, àwọn onígbàgbọ́ England tí wọ́n fẹ́ fọ ìjọ mọ́, gbà. Ilé Aṣòfin England fagi lé Kérésìmesì ní ọdún 1647, Massachusetts ní Amẹ́ríkà sì ń bu owó ìtanràn ṣílè márùn-ún lé ẹni tí ó bá ṣe é, láti ọdún 1659 títí di 1681. Ohun tí Pọ́ọ̀lù fi sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn ni wọ́n sọ di ẹjọ́ kóòtù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni pé òṣùwọ̀n méjì ni a ń lò. Kí ìjọ tó dé ni àwọn ará Róòmù ti ń fi òrùka fún àfẹ́sọ́nà wọn, a sì ń gbàdúrà sí òrùka ní pẹpẹ láìbéèrè orírun rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlù wa, orúkọ wa tàbí oyin ìsọmọlórúkọ bá dé ẹnu ọ̀nà ìjọ, ìgbà náà ni a máa ń bèèrè ìdílé tí ó ti wá. Mojola Agbebi, oníwàásù ọmọ Yorùbá tí ó ti pa orúkọ David Brown Vincent tì, wàásù ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1902 níbi àyájọ́ ọdún kìíní African Church. Ó sọ ọ́ níbẹ̀ pé orúkọ, aṣọ àti ìwé orin àwọn òyìnbó kò sí lára ohun tí ìgbàgbọ́ kò lè ṣe láìní. Òdodo ni ó sọ, ìgboyà rẹ̀ sì yẹ wá. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n kan náà tí ó dá oyin àti ìlù láre kò ní jẹ́ kí onígbàgbọ́ bá wọn kópa nínú ẹbọ odò ní Òṣogbo, kí ó sì ní àṣà lásán ni. Ọ̀ṣun ni wọ́n ń fi ẹbọ yẹn bọ lónìí, àwọn tí ó ń rú u kò sì fi pa mọ́. Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún òtítọ́ inú wọn débi tí a ó fi gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ kọ́ ìjọ ní ìtàn tí ó jóòótọ́, ẹ má fi ìròyìn tí a kò yẹ̀ wò dẹ́rù ba ọkàn wọn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí òrìṣà bọ̀, tí ohun kan sì ń rán an létí àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹra fún nǹkan náà nítorí rẹ̀. Kí ẹni tí kò ṣe Kérésìmesì má pe ẹni tí ó ń ṣe é ní abọ̀rìṣà, kí ẹni tí ó ń ṣe é má sì pe ìkejì ní aláìgbàgbọ́. Kí àwa tí à ń ṣe é wá yẹ ara wa wò: òòrùn tí Aurelian bọ kò ní olùsìn láàárín wa mọ́, ṣùgbọ́n owó, ọtí àti àṣehàn ní olùsìn púpọ̀ nínú oṣù Kejìlá. Baálé ilé tí ó jẹ gbèsè ra aṣọ ọdún, tí kò sì rí owó ilé-ìwé ọmọ san ní oṣù Kìíní, ti fi ọjọ́ ìbí Olúwa sin nǹkan mìíràn, bí orírun ọjọ́ náà tilẹ̀ mọ́ bí omi àpáta. Òrìṣà tí ó wà láàyè ni kí ìwàásù wa dojú kọ.