Agogo Alẹ́ Ilé-Ìwé Wa



Ẹ ò gbàgbé agogo alẹ́ nílé-ìwé wa? Tó bá ti dún, wọ́n á paná, kò sì ní pẹ́ tá a ó fi máa hanrun. Ta ló wá jí oorun yẹn gbé lọ́wọ́ wa?

Ìwé ìròyìn lèmi ń bá wọn ṣe lóru. Ní ìdájí ọjọ́ kan, oorun gbé mi lọ nídìí ọkọ̀. Ọlá Ọlọ́run ni mo jẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan bá fún mi ní ìgò melatonin tó rà ní Amẹ́ríkà. Kí n tó ṣí i, mo ṣe iṣẹ́ wa: mo wádìí.

Melatonin kì í ṣe àjèjì lára wa. Ẹ̀yà kékeré kan nínú ọpọlọ ló ń ṣe é tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Aaron Lerner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ló rí i yọ sọ́tọ̀ lọ́dún 1958. Kì í gbé èèyàn ṣánlẹ̀ bí oògùn oorun. Iṣẹ́ agogo ló ń ṣe: ó ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló sì ń pa á lẹ́nu mọ́, títí kan ti fóònù tá à ń tẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ti inú ìgò wá ńkọ́? Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí kó àbájáde ìdánwò 19 jọ, lára èèyàn 1,683 tí oorun ń dà láàmú. Àwọn tó lò ó fi bí ìṣẹ́jú 7 tètè sùn ju àwọn tó gbé hóró lásán mì lọ. Oorun wọn fi bí ìṣẹ́jú 8 gùn sí i, ó sì dára díẹ̀ sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tí ara rẹ̀ ṣì ń ka aago ọ̀hún, ló máa ń wúlò fún jù. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n yẹ irú 31 wò ní Kánádà lọ́dún 2017, ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn kò bá ohun tí wọ́n kọ sára ìgò mu.

Mi ò ṣí ìgò yẹn mọ́. Pálọ̀ ni fóònù mi ń sùn báyìí, mo sì ń paná lásìkò. Tí oorun bá ń kùn mí, mi ò wakọ̀. Ẹ̀yin tí oorun ti dà láàmú fún oṣù mélòó kan, tàbí tẹ́ ẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun mì.

Kò sẹ́ni tí yóò bá wa lu agogo mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lù ú fúnra wa. A ó máa sùn, a ó máa jí o.