Tótó, Ó Ṣe Bí Òwe: Àwo Orin Àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ De La Soul àti Ọ̀ràn Ẹni tí Ó Ni Ohùn



Bí ọmọdé bá pa òwe níwájú àgbà nílẹ̀ wa, yóò ní, ‘Tótó, ó ṣe bí òwe o.’ Àgbà yóò sì dá a lóhùn pé, ‘O ó rí òmíràn pa.’ Gbólóhùn méjèèjì yìí ni n óò fi ṣe òṣùwọ̀n lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ohùn àwọn àgbà ṣe orin, tí díẹ̀ nínú àwọn àgbà náà sì pè wọ́n lẹ́jọ́.

Kelvin Mercer, David Jolicoeur àti Vincent Mason ni orúkọ wọn. Amityville, ìlú kékeré kan ní Long Island ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ De La Soul sílẹ̀. Prince Paul, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìlú yìí, ni ó bá wọn ṣètò àwo orin wọn àkọ́kọ́, 3 Feet High and Rising, tí ilé-iṣẹ́ Tommy Boy gbé jáde ní ọdún 1989.

Ẹ̀rọ ti wà nígbà náà tí ó lè gé ègé kékeré nínú àwo orin, kí ó sì máa lù ú ní àlùtúnlù. Inú orin James Brown ni ọ̀pọ̀ olórin hip hop ti ń gé tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò dúró níbẹ̀. Wọ́n tú àpótí àwo orin àwọn òbí wọn. Inú orin Johnny Cash kan tí ó sọ nípa àkúnya omi ni orúkọ àwo náà ti wá. Nínú orin wọn tí ń jẹ́ ‘Eye Know’, súfèé Otis Redding, ẹni tí ó ti kú láti ọdún 1967, pàdé orin Steely Dan, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó sínú iyàrá kan.

Àwọn ènìyàn gba àwo náà tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn Village Voice gba èrò àwọn aláríwísí orin jọ ní ìparí ọdún náà, òun ni ó ṣe ipò kìn-ín-ní.

Ṣùgbọ́n ègé kan dá ìjà sílẹ̀. Nínú orin kan tí kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ, wọ́n fa orin ẹgbẹ́ The Turtles gùn, wọ́n sì fi ohùn olùkọ́ èdè Faransé lé e lórí. A kò gba àṣẹ. Àwọn Turtles pe ẹjọ́. Owó ni a fi parí rẹ̀ láìjẹ́ pé adájọ́ dá a. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, nínú ẹjọ́ olórin mìíràn, Biz Markie, adájọ́ kan ní New York fi òfin Bíbélì tí ó ka olè jíjà léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni owó àṣẹ ti gun òkè, tí irú àwo bẹ́ẹ̀ sì ti ṣòro í ṣe.

Ìyà náà kò tán síbẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé àdéhùn àtijọ́ kò mẹ́nu ba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwo tí Ilé-Ìkàwé Ìjọba Amẹ́ríkà ti kà mọ́ ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè kò sí níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá orin. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2023 ni ó tó débẹ̀. Jolicoeur ti kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ì bá fi rí i.

Ta ni ó jẹ̀bi? Lójú tèmi, àwọn Turtles kò jẹ̀bi pé wọ́n fẹ́ kí a bi àwọn léèrè. Ẹni tí kò ṣe tótó kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n ìdajì àṣà náà ni òfin mú: ó fi ipá gba tótó lẹ́nu ọmọdé, kò sì kọ́ àgbà ní èsì rẹ̀. Àgbà tí ó bá gba ìjúbà, tí kò sì súre pé kí ọmọdé rí òmíràn pa, òwe yóò parí sí i lẹ́nu ni.