Ẹni Tí Ó Bá Dákẹ́, Ti Ara Rẹ̀ Yóò Bá A Dákẹ́

Àjò kò dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́, òwò tàbí ìgbéyàwó ti sọ àjò di ilé fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀rọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ yìí kan àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ ní àjò, tí wọn kò sì rí ẹni tí wọn yóò sọ ọ́ fún.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan nínú ìjọ wa tọ̀ wá wá nítorí ọkọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ náà, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò ní Jos. Aṣọ ni ó ń tà níbẹ̀ kí rògbòdìyàn oṣù kọkànlá ọdún 2008 tó bẹ́ sílẹ̀. Iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kanlẹ̀, ó sì rí ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Ó kó ẹbí rẹ̀ wá sí ìlú tí a wà yìí, ó tún òwò bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa sì ń yọ̀ pé ó ti gbàgbé. Ìyàwó rẹ̀ ní kò gbàgbé ohunkóhun. Bí àwọn ọmọdé bá yin báńgà ní àsìkò Kérésìmesì, abẹ́ tábìlì ni ó ń sá sí. Bí èéfín bá rú ní àdúgbò, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn lóru, ó sì ń na àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan.

A ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Kí ni a sọ fún un? A ní kí ó mọ́kàn le, pé ọkùnrin ni, pé àwọn mìíràn kú ṣùgbọ́n òun wà láàyè. A gbàdúrà fún un, a sì ní kí ó máa lọ. Ó dúpẹ́, kò sì bá wa sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún odidi ọdún kan.

A jẹ́wọ́ níwájú yín pé a ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe àdúrà ni àṣìṣe náà. Àṣìṣe wa ni pé a ti sọ̀rọ̀ tán kí a tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí wòlíì Èlíjà sá lọ sí aginjù tí ó ń tọrọ ikú, oorun àti oúnjẹ ni a kọ́kọ́ fún un, kí a tó bi í léèrè ohunkóhun. A kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún arákùnrin wa.

Ohun tí ó ń ṣe é kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ọkàn ẹni tí ó ti rí ikú lójúkojú a máa ṣọ́ ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí olè ti lọ. Bí ìpayà, àlá burúkú àti àìsùn bẹ́ẹ̀ bá ju oṣù kan lọ, àwọn oníṣègùn kà á sí àìsàn tí ó ní ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ sísọ fún ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà sì ni òpó ìtọ́jú ọ̀hún.

Kí ni kò jẹ́ kí ó tètè wá a? Ìdí méjì ni. Èkíní, nínú àwùjọ kékeré tí a ní ní àjò, ohun tí a bá sọ ní òwúrọ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè ti gbọ́ ọ kí ó tó di alẹ́. Èkejì, àwọn oníṣègùn tí ó wà nítòsí gbọ́ Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni arákùnrin wa fi ń sunkún.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ni ó bá a rí onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn kan tí ó ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ gbogbo, arákùnrin wa a wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, a ti ilẹ̀kùn, a sì bá a sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dára, wọn a rí ojú ara wọn. Bí kò bá dára, ohùn nìkan a tó. Ó kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ti ń mí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àyà bá ń já. Lẹ́yìn náà ni ó jẹ́ kí ó máa sọ ìtàn ọjọ́ náà, díẹ̀díẹ̀, bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ní Kérésìmesì tí ó kọjá, báńgà dún, ó sì dúró sí pálọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dúró. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ìtàn yìí fún yín, láìdárúkọ òun.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láti ọdún 1954 ní Aró, ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn ní àwọn abúlé ìtòsí, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Ó mọ̀ pé àárín àwọn ènìyàn ẹni ni ọkàn ti ń tètè rọlẹ̀. Fóònù kò lè gbé abúlé wá bá wa, ṣùgbọ́n ó lè gbé èdè abúlé wá. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín: òfin ìlera ọpọlọ tí a bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin ayé Òyìnbó amúnisìn, tí ó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Kì í ṣe ẹni tí ó rí ogun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Opó tí ilé ṣófo mọ́ lórí, òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ́ tí a gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnì kan, gbogbo wọn ni másùnmáwo lè bá.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n ṣe é. Ẹ bi agbaninímọ̀ràn léèrè ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́ àti iye tí yóò gbà, kí ẹ tó sọ àṣírí kankan. Ẹni tí ó bá ń béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì yín, tàbí tí ó ń ṣèlérí ìwòsàn ní ọjọ́ kan, ẹ sá fún un. Ẹ wá ibi tí ẹlòmíràn kò ti ní gbọ́ yín, kí ẹ sì jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ẹ óò ṣe bí ìlà bá já. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ pé òun yóò pa ara òun, èyí kọjá ọ̀rọ̀ fóònù: ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù lọ. Àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kàdúná, Maiduguri, Enugu, Benin àti Calabar pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ará, a kò ní kí ẹ fi àdúrà sílẹ̀. A ní kí ẹ má ṣe fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe ìgbàgbọ́. Bí ẹnìkan bá sì tọ̀ yín wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ohun tí àwa kò ṣe nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Olúwa fún ọkàn yín ní ìsinmi.